Ẹja kìlò 78: Ẹ̀kọ́ tí odò Argungu kọ́ wa

Ẹni tó ń ra ẹja yìnyín ní Agege tàbí Ikeja mọ̀ pé inú páálí ni wọ́n ti ń ṣà á tà. Ṣùgbọ́n lóṣù Kẹta ọdún 2020, ẹja kan ṣoṣo tí apẹja kan gbé jáde nínú odò Matan Fada, nílùú Argungu, ìpínlẹ̀ Kebbi, wọn kìlò 78. Ó ju àpò sìmẹ́ǹtì kan àtààbọ̀ lọ!

Àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin ń gbá mú, tí wọ́n á sì bẹ́ sódò láti etí bèbè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ẹja rẹ̀ bá tóbi jù ló borí.

Ọdún 1934 ni ọdún ẹja náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Súlútánì Sókótó, Hassan dan Mu'azu, ṣàbẹ̀wò sí Argungu, tí ọ̀tá àtayébáyé di ọ̀rẹ́.

Kí ló ń jẹ́ kí ẹja tóbi tó bẹ́ẹ̀? Sarkin Ruwa, olórí odò, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pẹja níbẹ̀ títí ọjọ́ ọdún yóò fi pé.

Ẹ̀yin ará oko tí ẹ̀ ń gbọ́ pé àwọn kan ń da Gamalin sódò, ẹ kìlọ̀ fún wọn. Oògùn náà kì í mọ ọmọ yàtọ̀ sí ìyá. Ẹja wẹ́wẹ́ tó kú lónìí ni ìbá di giwan ruwa, ìyẹn erin omi, lọ́la. Onísùúrù ló ń fún wàrà kìnnìún.