Nicodemus ní Kansas: Ilẹ̀, Ojú Irin àti Ìtàn Ìlú Kékeré Kan

Ìfáàrà

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ nípa ìlú kan, ohun tí ó sábà máa ń ṣe ni pé yóò ka odò àti òkè ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀, yóò sì sọ̀rọ̀ àwọn tí ó tẹ ìlú náà dó lọ́tọ̀, bí ẹni pé ọ̀ràn méjèèjì kò kan ara wọn. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín ni bí ilẹ̀ ṣe ń darí ìtàn. Nicodemus ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ìlú kékeré kan ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà.

Ìtẹ̀dó ìlú

Ní 1865 ni ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí tí àwọn ẹrú sì gba òmìnira. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di 1877, ìjọba àpapọ̀ ti kó àwọn ọmọ ogun tí ń dáàbò bo àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò ní ìhà gúúsù. Ìpayà tún gbòde. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, aláwọ̀ dúdú mẹ́fà àti òyìnbó kan, W. R. Hill, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti tẹ ìlú dó lẹ́bàá odò Solomon. Òfin 1862 ti là á sílẹ̀ pé ẹni tí ó bá gbé orí ilẹ̀ ìjọba fún ọdún 5, tí ó sì dáko níbẹ̀, lè gba éékà 160. Ní oṣù kẹsàn-án, èèyàn tí ó lé ní 300 wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Kentucky. Ellis ni wọ́n ti sọ̀. Nǹkan bí máìlì 35 ni wọ́n sì rìn kí wọ́n tó débẹ̀.

Ní ti orúkọ ìlú náà, àwọn kan ní Nikodémù inú Bíbélì ni. Àwọn mìíràn ní ẹrú kan ni, ọmọ ọba láti Áfíríkà, tí ó ra ara rẹ̀ padà.

Ohun tí ilẹ̀ náà sọ wọ́n dà

Pápá gbalasa ni ibẹ̀. Igi kò wọ́pọ̀. Níbi tí igi kò sí, pákó kò lè sí, igi ìdáná náà kò sì lè pọ̀. Inú ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ilé sí, ìgbẹ́ ẹfọ̀n gbígbẹ ni wọ́n sì fi ń dáná. Willianna Hickman, tí ó dé ní 1878, ròyìn pé nígbà tí wọ́n ní ìlú rèé, èéfín tí ń rú jáde láti inú ilẹ̀ nìkan ni òun rí. Ó sì bú sẹ́kún. Àwọn kan padà lọ. Ìtàn ìlú náà sọ pé àwọn ará Osage tí ń ti oko ọdẹ bọ̀ ni ó fún àwọn tí ó kù lóúnjẹ ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́.

Àwọn tí ó dúró kò ṣe lásán. Jenny Fletcher bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Ọkọ rẹ̀, Zachary, ń bójú tó ìfìwéránṣẹ́ àti ilé-ìtura. Ní 1882, wọ́n dìbò yan Edward McCabe, ọmọ ìlú náà, sí ipò olùyẹ̀wé-owó-wò ìpínlẹ̀ Kansas. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí gbogbo ìpínlẹ̀ náà dìbò yàn sípò. Ìwé ìròyìn méjì ni ó jáde níbẹ̀ láàárín 1886 sí 1887.

Ọ̀ràn ojú irin

Àgbẹ̀ tí kò rí ọkọ̀ kó àlìkámà rẹ̀ lọ sí ọjà, bí ẹni tí kò dáko ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dìbò ní 1887 láti fi dọ́là 16,000 fa ojú irin wọ ìlú. Àdéhùn náà kò ṣẹ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Union Pacific la ọ̀nà tirẹ̀ ní 1888, ìhà gúúsù odò ni wọ́n gbé e gbà. Odò tí ó fún ìlú lómi ni ó wá di ààlà láàárín ìlú àti ọjà. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kó lọ sí Bogue, tí kò ju nǹkan bí máìlì 6 lọ, níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró. Ọ̀dá àti ìjì eruku ọdún 1930 sí 1939 tún wá dá kún un. Èèyàn 76 péré ni ó kù ní 1935. Wọ́n ti ilé ìfìwéránṣẹ́ pa ní 1953, wọ́n sì ti ilé-ìwé pa ní 1960.

Ìgúnlẹ̀

Síbẹ̀, ìlú náà kò parẹ́. Láti 1878 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún òmìnira níbẹ̀, ní ìrántí ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1834 tí àwọn ẹrú erékùṣù ìwọ̀-oòrùn Índíà gba òmìnira lọ́wọ́ ìjọba Bìrìtìkó. Títí di òní, ní ìparí oṣù keje, àtọmọdọ́mọ wọn ń ti ọ̀nà jíjìn wálé. Ní 1996, ìjọba àpapọ̀ sọ ibẹ̀ di ibi ìtàn orílẹ̀-èdè. Ilé márùn-ún àtijọ́ ni ó wà lábẹ́ ìtọ́jú. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kò tó 50, ṣùgbọ́n àwọn tí ń wálé pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Bí a bá fi orúlé ka ìlú, Nicodemus ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí a bá fi àwọn tí ń pè é ní ilé ka ìlú, ó ṣì wà digbí.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún àwa olùkọ́ àti olùyẹ̀wéwò kò fara sin. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ orúkọ odò ìlú kò tó. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi í ni pé: kí ni odò náà ṣe fún àwọn ará ìlú, kí ni ó sì gbà lọ́wọ́ wọn? Ẹni tí ó bá rí èyí dáhùn ni ó kọ ìtàn ìlú.