Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ọmọ Tí Fóònù Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Ẹ̀yin òbí, bóyá ẹ ti gbọ́ ohun tí ìjọba ilẹ̀ Australia ṣe. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2024 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2025, pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ ní àkáǹtì lórí Facebook, TikTok, Instagram àti irú wọn. Òfin náà kò fìyà jẹ ọmọ, kò sì fìyà jẹ òbí. Ilé iṣẹ́ tí ó bá kọ etí dídi sí i ni yóò san owó ìtanràn, èyí tí ó lè tó mílíọ̀nù 49.5 dọ́là ilẹ̀ wọn.

Àwọn kan ní Ìkógòsì níbí ń wí pé ìjọba tiwa náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ọkàn àwọn lè balẹ̀. Èmi kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n òfin tí a ti ní ńkọ́? Òfin tí ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ní kí ilé iṣẹ́ gba àṣẹ òbí kí ó tó lo ìsọfúnni ọmọdé, kí ó sì wádìí ọjọ́ orí rẹ̀. Facebook fúnra rẹ̀ kò gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 13. Síbẹ̀, ọmọ ọdún 10 a tẹ ọdún tí wọ́n bí bàbá rẹ̀, ilẹ̀kùn a sì ṣí.

Ó tún ku ọ̀kan. Síìmù inú fóònù ọmọ yẹn, orúkọ ta ni ó wà? Láti òpin ọdún 2020 tí ìjọba ti pàṣẹ pé kí a so síìmù mọ́ nọ́ńbà NIN, nọ́ńbà ti ara wa ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń gba síìmù fún ọmọ. Nínú ìwé ìjọba, bàbá ẹni ọdún 45 ni ó ń wo ìwòkuwò láàárín òru!

Ní agbègbè wa, láti Ìjerò dé Ẹ̀fọ̀n, ọmọ púpọ̀ ni ó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, tí àwọn òbí wọn ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí Àbújá. Wọn a fi fóònù ránṣẹ́ sí ọmọ kí wọ́n lè máa gbọ́ ohùn ara wọn. Ohun dáradára ni. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò mọ̀ ju pé ọmọ ń tẹ nǹkan, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Bí ènìyàn bá kan ilẹ̀kùn, ìyá àgbà á mọ̀ ọ́n láti ohùn rẹ̀. Ẹni tí ń kí ọmọ nínú fóònù, kò rí i rí. Ó lè pe ara rẹ̀ ní ọmọ ilé ìwé, kí ó jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n tí ń wá àwòrán ìhòòhò tí yóò fi dẹ́rù ba ọmọ gba owó. (Ẹ̀yin onírùngbọ̀n, ẹ má bínú, èmi náà ní tèmi.) Òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti fi ẹ̀wọ̀n sí irú ìwà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò lè mú ẹni tí ọmọ kò sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ kì í sì í sọ fún bàbá tí pankẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ orí nìkan kọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2012, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ẹni ọdún 24 kan lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ tí ó ní lórí Facebook ní Festac, ní Èkó. Inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n pa á sí. Ní ọdún 2017 ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún méjì nínú wọn. Òfin ọdún 16 tàbí 18 kì bá tí dá ọmọ yẹn dúró.

Nítorí náà, kí ìjọba dojú kọ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, nítorí kò sí bàbá kan ní Ìkógòsì tí apá rẹ̀ ká wọn. Ní tiwa, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ kí ó tó lọ sùn, kí ó wà ní yàrá yín di òwúrọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó sọ fún yín, lọ́kọ̀ọ̀kan, ta ni àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, bí ẹ bá wálé Ọdún, ẹ jókòó ti ìyá yín fún wákàtí kan, kí ẹ fi ohun tí ń bẹ nínú fóònù tí ẹ rà hàn án.