Mechanical Engineering Kì Í Ṣe Mẹkáníìkì: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí Mọ̀ Kí Ọmọ Tó Lọ Kọ́ Ọ

 

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí a parí Àsàlátù, bàbá kan pè wá sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú mọ́sálásí. Ọmọ rẹ̀ ti rí àyè wọlé sí yunifásítì láti kọ́ mechanical engineering. Ọjọ́ tí wọ́n máa san owó acceptance kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ mọ́, bàbá kò sì tíì san án. Ó ní, "Áàfà, ṣé lẹ́yìn gbogbo owó ilé-ìwé tí mo ti ná, abẹ́ mọ́tò ni ọmọ mi máa wá wọ̀? Mẹkáníìkì tó wà ní ìkòríta wa kò ka ju ìwé mẹ́fà lọ."

Kì í ṣe bàbá yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ náà rú lójú. Ọ̀pọ̀ òbí wa ló gbà pé bí kò bá ṣe dókítà tàbí lọ́yà, ọmọ kò tíì kàwé. Ìdí nìyí tí a fi wádìí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, tí a sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì

A kò fojú tín-ín-rín mẹkáníìkì o. Iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ́ ni. Nínú Súrátù Saba’, áyà 10 àti 11, Ọlọ́hun jẹ́ ká mọ̀ pé Òun sọ irin di rírọ̀ fún Ànábì Dáwúdà, Ó sì pàṣẹ fún un pé kó fi ṣe ẹ̀wù ogun, kó sì wọn òrùka rẹ̀ kó ṣe déédéé. Ẹ fi ọkàn sí wíwọ̀n yẹn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ ẹnjiníà dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀pá irin tó ń yí nínú rẹ̀ kán. Wẹ́dà jó o pọ̀, iṣẹ́ sì ń lọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún kán, ojú ibi tó ti kán tẹ́lẹ̀ náà ni. Ẹnjiníà á béèrè pé, kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀ ló máa ń kán? Ó máa wò ó bóyá ibi tí ọ̀pá náà ti kúrò ní nínípọn tó bọ́ sí tín-ín-rín lójijì ni, tí igun rẹ̀ sì mú. Ibi tí igun bá ti mú bẹ́ẹ̀ ni ìnira tó wà lára irin máa ń kó jọ sí. Bí ọ̀pá ṣe ń yí lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, ìlà kékeré tí ojú kò lè rí á bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, á máa gùn díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀pá á fi já. Ó lè jẹ́ pé kí wọ́n gé ojú igun náà kó rí roboto ni àtúnṣe tó kù. Mẹkáníìkì máa ń tún èyí tó bàjẹ́ ṣe. Ẹnjiníà máa ń ṣírò ìdí tó fi bàjẹ́, á sì ya àwòrán èyí tó máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí Ọlọ́hun ti pè lọ sí Hájì, ẹ ti rí àwọn agbòòrùn ńláńlá tó wà ní àgbàlá Mọ́sálásí Ànábì ní Mẹ̀dínà, tó ń ṣí fúnra rẹ̀ tó sì ń pa dé. Ẹ ti rí ọkọ̀ ojú irin Haramain tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọdún 2018 láàárín Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà, tó ń sá tó kìlómítà 300 ní wákàtí kan. Ọwọ́ àwọn ẹnjiníà wà nínú gbogbo rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Ní nǹkan bí ọdún 850, àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Banu Musa kọ ìwé nípa onírúurú ẹ̀rọ ní Bàgídáàdì. Ní ọdún 1206, al-Jazari parí ìwé tirẹ̀, ó ya àwòrán ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè àti aago tí omi ń wà, ó sì kọ bí ẹlòmíì ṣe lè kàn wọ́n. Àwa tí a gbé wàláà ní ilé-kéú kí a tó wọ iṣẹ́ ìròyìn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọ wa pé kéú àti ẹ̀rọ kò lè gbé inú orí kan.

Ohun tí ọmọ nílò láti wọlé

Ọmọ gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, Gẹ̀ẹ́sì, Maths, Physics àti Chemistry sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Nínú ìdánwò JAMB, mẹ́rin yìí kan náà ni kó yàn. A ti rí ọmọ tó gba máàkì gidi, ṣùgbọ́n tó fi Biology rọ́pò Chemistry nítorí pé ẹni tó bá a fi orúkọ sílẹ̀ ní káfẹ́ kò mọ̀. Ọdún kan gbáko ló fi ṣòfò. Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó ti ọmọ yín lọ́jọ́ náà.

Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ tó bá ní ND, IJMB tàbí JUPEB tó dára lè gba Direct Entry, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì. Wọ́n ń kọ́ ọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti Èkó, ti Ìlọrin, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, FUTA ní Àkúrẹ́, FUNAAB ní Abẹ́òkúta, LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti LASU, tí ẹ̀ka ẹnjiníà rẹ̀ wà ní Ẹ̀pẹ́. Ilé-ìwé yòówù kí ẹ yàn, ẹ wádìí bóyá NUC àti COREN fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà níbẹ̀. COREN ni àjọ tí òfin gbé kalẹ̀ láti máa fi orúkọ ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ìṣòro ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

Ọdún kìíní kún fún Maths àti Physics. Yíya àwòrán ẹ̀rọ àti iṣẹ́ inú wọ́kíṣọ́ọ̀bù náà wà nínú ẹ̀kọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni bí ooru ṣe ń di agbára, bí omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn nínú páìpù, bí irin ṣe ń gba ẹrù, àti bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́fà sì wà fún SIWES ní ilé-iṣẹ́. Kí ọmọ má wá ibi tí wọ́n á kàn máa rán an níṣẹ́ láti ra oúnjẹ. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ á ti kan ẹ̀rọ ni kó wá.

Ní ti owó, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí owó yíyá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 2024, NELFUND ló sì ń bójú tó o. Àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé ìjọba lè béèrè fún un. Kò sí èlé lórí rẹ̀, èyí sì ṣe pàtàkì fún àwa tí a ń sá fún ríbà. Ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni sísan án padà yóò bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè ni, kì í ṣe sàráà.

Ibi tí iṣẹ́ wà

Ilé-iṣẹ́ iná Ẹ̀gbìn ní Ìkoròdú, tí wọ́n kọ́ láti mú mẹ́gáwáàtì 1,320 jáde, ooru omi gbígbóná ló ń yí ẹ̀rọ rẹ̀. Ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, tí wọ́n kọ́ láti fọ àgbá epo 650,000 lójúmọ́, kún fún pọ́ńpù àti páìpù. Sìmẹ́ǹtì Ewékorò, ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, àwọn ilé-iṣẹ́ oúnjẹ àti oògùn ní Àgbárá àti Ọ̀tà, ẹ̀rọ amúlétutù inú ilé ìwòsàn ńlá, mọ́tò tí wọ́n ń yí padà sí gáàsì CNG: gbogbo rẹ̀ ló ń fẹ́ ẹnjiníà. Ẹlòmíì á di olùkọ́ ní yunifásítì. Ẹlòmíì á kan ẹ̀rọ gààrí àti ẹ̀rọ ìrẹsì tà. Fún ẹni tó bá fẹ́ kàwé sí i, àjọ PTDF àti Báǹkì Ìdàgbàsókè Ìsìláàmù máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́.

A kò ní tan yín jẹ. Sátífíkéètì nìkan kì í mú iṣẹ́ wá. Ọmọ tó bá mọ yíya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú AutoCAD tàbí SolidWorks kó tó jáde ti wà níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ẹ̀sìn wí

Ilé-iṣẹ́ ọtí wà lára àwọn tó máa ń wá ẹnjiníà ní ilẹ̀ Yorùbá, owó wọn sì máa ń dán. Nínú hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) ṣẹ́ èpè lé ènìyàn mẹ́wàá lórí ọtí, ẹni tó ń fún un, ẹni tó ń gbé e àti ẹni tó ń tà á sì wà nínú wọn. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń pọn ọtí, ibo ló fẹ́ sá sí? Kí ọmọ ti mọ èyí kó tó dé ibẹ̀, kó má jẹ́ pé ọjọ́ tí ìwé iṣẹ́ dé ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá fátíwà. Kó sì béèrè nípa àkókò ìrun Jímọ́ọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kó tó fọwọ́ sí ìwé.

Àwọn ọmọbìnrin wa náà lè kọ́ ọ. Híjáàbù kò dí wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń yí kò mọ aṣọ ẹ̀sìn yàtọ̀ sí aṣọ mìíràn. Aṣọ tó bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lè kó sínú rẹ̀. Híjáàbù tó fún mọ́ orí tí wọ́n ti etí rẹ̀ bọ inú aṣọ iṣẹ́ ni kí wọ́n lò ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọkùnrin kò gbọ́dọ̀ wọ jàlàbíà débẹ̀.

Bàbá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ àlàyé wa, ó ní òun máa lọ ronú. Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí àkókò pé ló tẹ̀ wá láago pé òun ti san án. Ó ní òun jókòó ti ọmọ náà, òun sì béèrè ìdí tó fi yan ẹ̀kọ́ yìí, ọmọ sì sọ fún òun pé láti kékeré ni pọ́ńpù kànga ilé wọn tó máa ń bàjẹ́ ti ń gba òun lọ́kàn. Bàbá ní òun kò béèrè rí. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tó ń ṣeni láǹfààní, kó fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kó sì fi hàláàlì tó wọn. Àmín.