Ní Ifugao, Níbi Tí Òkè Ti Di Oko Ìrẹsì

Ìrẹsì ni wọ́n sá sójú títì. Mo kọ́kọ́ ṣe bí iyanrìn ni, àfi ìgbà tí ìyá kan fi igi pẹlẹbẹ fà á lọ fà á bọ̀, tí eruku èèpo rẹ̀ gbéra sókè nínú oòrùn. Ìdajì títì ọlọ́dà náà ni ìrẹsì gbà, ó lọ jìnnà bí ìgbà tí èèyàn to ilé mẹ́wàá tẹ̀lé ara wọn, òkúta ni wọ́n sì fi ṣe ààlà kí ọkọ̀ má baà gun orí rẹ̀. Awakọ̀ wa rọra yà fún un. Kò fọn fèrè, kò bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Òkè-Ògùn kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó rí láfún àti ẹlùbọ́ tí wọ́n sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, yóò mọ̀ pé ará ilé la rí.

Agbègbè Nueva Ecija la wà, ní erékùṣù Luzon, orílẹ̀-èdè Filipínì, ní ìparí oṣù Òkúdù. Àwa mẹ́rin la wà nínú ọkọ̀: èmi, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ọ̀rẹ́ wa ọmọ Ifugao tí a jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń wakọ̀. Iṣẹ́ òru ló sọ wá di ọ̀rẹ́. Ọdún méje gbáko ló fi ń sọ̀rọ̀ oko bàbá rẹ̀ fún wa nígbà tí àwọn aláìsàn bá ti sùn, a sì ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ àlọ́. Lọ́dún yìí ló ní ó tó gẹ́ẹ́, ká wá fojú ara wa rí i.

Kí a tó fi Manila sílẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ó mú wa lọ kí ẹ̀gbọ́n màmá rẹ̀. Ó gba ọwọ́ ìyá àgbà náà, ó tẹ orí ba, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kan iwájú orí ara rẹ̀. Mano ni wọ́n ń pe ìkíni yẹn. Kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe, ọmọ Ìjẹ̀bú ti wà lórí eékún. Ìyá náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́ sí i níbi tó kúnlẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó túmọ̀ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Èdè Tagalog pàápàá ní ọ̀rọ̀ kan, po, tí ọmọdé máa ń fi sínú gbólóhùn tó bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń fi "ẹ" ṣe tiwa. Awakọ̀ wa náà, Manong là ń pè é, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ní èdè Ilocano, èdè tí ọ̀pọ̀ èèyàn apá òkè yẹn fi ń ná ọjà.

Ọ̀rẹ́ wa ló ṣàlàyé ohun tó wà lójú títì fún wa. Èyí tó wà lóko àti èyí tí wọ́n sá, tí kò tíì kúrò nínú èèpo, palay ni. Tí wọ́n bá ti bó o, ó di bigas. Tó bá jinná, kanin ni. Mo rántí iṣu, mo rántí ẹlùbọ́, mo rántí àmàlà. Mo tún rántí ìyá mi, tó dáko ìrẹsì ní Ìgbẹmọ Èkìtì, tí kì í fẹ́ kí a máa pe èyí tó ṣì wà nínú èèpo ní ìrẹsì lásán.

Lẹ́yìn ìlú San Jose, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tán. Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bí ejò, ó gun Dalton Pass, tí wọ́n fi orúkọ ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan tó kú síbẹ̀ ní 1945 sọ. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a dé Kiangan, ìlú Ifugao tí Ọ̀gágun Yamashita ti Jàpáánì ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún yẹn kan náà.

Ohun tó mú mi fẹ́ dúró ní Kiangan ti pẹ́ ju ogun yẹn lọ. Àbúlé àtijọ́ kan wà níbẹ̀, Kiyyangan, tí àwọn Ifugao kan gbà pé ibẹ̀ làwọn ti ṣẹ̀ wá. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ Filipínì pé pèpéle ìrẹsì tí wọ́n gé sára òkè Ifugao ti pé 2,000 ọdún. Àbá tí àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Roy Barton àti Otley Beyer, dá ní ọ̀rúndún tó kọjá ni. Nígbà tó yá, awalẹ̀pìtàn Stephen Acabado, ọmọ Filipínì fúnra rẹ̀, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ náà wò, ohun tí wọ́n bá kò sì bá ti ìwé mu. Kókò ni àwọn baba ńlá kọ́kọ́ ń gbìn. Nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn ni ìrẹsì inú omi tó gbalẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ará Sípéènì ti gba Manila ní 1571, tí wọ́n sì ń na ọwọ́ sí àríwá.

Inú Manong ò dùn nígbà tí mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní ṣé wọ́n fẹ́ gba ọjọ́ orí àwọn lọ́wọ́ àwọn ni. Mo mọ ohun tó ń ro. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ Ilé-Ifẹ̀ pé àná ni wọ́n tẹ ìlú rẹ̀ dó, yóò gbọ́ tirẹ̀. Mo sọ òótọ́ inú mi fún un: "Manong, tó bá jẹ́ 400 ọdún ni, iṣẹ́ yín tóbi ju bí ìwé ṣe sọ ọ́ lọ." Àwọn èèyàn tí àjèjì fẹ́ sọ di ẹrú gun òkè, wọ́n fa ara wọn jọ, wọ́n sì fi ìran mélòó kan sọ òkè yẹn di oko. Oko náà bọ́ wọn débi pé Sípéènì lo ohun tó ju 300 ọdún lọ ní Filipínì, kò ráyè kápá wọn tán. Bí a bá gbà pé ó ti wà láti ayébáyé, a ti fi ìjà tí wọ́n jà pamọ́ nìyẹn. Manong wakọ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Lóòótọ́, wọn ò rí wa mú."

Lọ́jọ́ kejì, a dúró ní ibi ìwòran tó wà lókè ìlú Banaue. Àwọn pèpéle tí à ń wò yìí ni wọ́n yà sẹ́yìn owó bébà 20 pésò, síbẹ̀ wọn kò sí lára èyí tí UNESCO kọ sílẹ̀ bí ogún gbogbo ayé ní 1995. Márùn-ún ni wọ́n mú: Batad, Bangaan, Hungduan, àárín gbùngbùn Mayoyao, àti Nagacadan ní Kiangan. Ilé oníbúlọ́ọ̀kù ti wọ àárín àwọn pèpéle tó sún mọ́ ìlú, páànù sì ń kọ mọ̀nà níbi tí koríko ìbolé ti wà rí. Àwọn ìyá àgbà mẹ́ta jókòó síbẹ̀ nínú aṣọ híhun pupa, ìyẹ́ adìyẹ lórí wọn, wọ́n ń dúró de ẹni tó máa bá wọn ya fọ́tò kó sì fún wọn lówó. A fún wọn lówó, a ò ya fọ́tò. A jókòó tì wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn na èso kan tí wọ́n fi ewé dì sí mi. Moma ni wọ́n ń pè é, òun ló ń sọ ẹnu wọn di pupa. Mo jẹ ẹ́, mo sì fajú ro. Ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ìjẹ̀bú yọ orógbó kan tó kù nínú báàgì rẹ̀, ó gé e fún wọn, àwọn náà jẹ ẹ́, wọ́n sì fajú ro bí mo ṣe fà á ro. Ẹ̀rín ni a fi túká.

Jeepney ló gbé wa dé etí òkè tó kọjú sí Batad. Jíìpù ológun tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ lẹ́yìn ogun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe irú ọkọ̀ yìí: wọ́n fà á gùn, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà oríṣiríṣi, wọ́n kọ orúkọ Jésù àti ti ọmọ wọn sí i lára. Ọmọ ìyá bọ́lẹ̀kájà ni. Níbi tó já wa sí, ẹsẹ̀ ló kù.

Mo ti rí fọ́tò Batad nígbà púpọ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í sọ̀rọ̀. Omi ló kọ́kọ́ kí wa. À ń gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, lókè orí wa, kí a tó rí ẹ̀kán rẹ̀. Nígbà tí ìkùukùu ṣí, òkè náà rí bí igbá tí wọ́n là sí méjì tí wọ́n gbé ìdajì rẹ̀ nàró, pèpéle sì yí inú rẹ̀ po láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè. Ní ibòmíràn ní Ifugao, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri oko wọn. Òkúta ni ti Batad. Òmíràn ga ju èèyàn lọ. Kò sí símẹ́ńtì níbẹ̀, òkúta kan ló di èkejì mú. Igbó ló wà lókè pátápátá, muyong, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú tirẹ̀, torí igbó yẹn ló ń mu òjò tó sì ń rọra tú u sílẹ̀. Omi kúrò níbẹ̀, ó gba ojú ìṣàn kéékèèké tí wọ́n là fún un, ó bọ́ sínú pèpéle àkọ́kọ́. Bí ìyẹn bá kún, ó já sí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé odò. Bí ògiri rẹ bá wó, omi aládùúgbò rẹ lo dànù.

Ní Batad yìí, páànù ni wọ́n fi bo ilé tí màmá ọ̀rẹ́ wa ń sùn. Ṣùgbọ́n bale, ilé àtijọ́ wọn, ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Opó mẹ́rin ló gbé e sókè, wọ́n sì fi igi roboto há ọrùn opó kọ̀ọ̀kan, kí eku tó bá gun opó dé ibẹ̀ lè padà. Màmá ṣílẹ̀kùn, ó fi bulul méjì hàn wá, ère akọ àti abo tí wọ́n gbẹ́ láti máa ṣọ́ ìrẹsì. Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí ìrẹsì tí àwọn mumbaki, àwòrò wọn, ti dà sí wọn lórí láti ayé baba ọkọ rẹ̀ ti sọ wọ́n di dúdú dídán. Mò ń wò wọ́n, ère ìbejì ilé ìyá bàbá mi ni mò ń rí. Màmá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn oníṣòwò sì ti wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé kó ta ère náà. Kò tà á. Mo yọ̀ gidigidi, nítorí mo mọ iye irú wọn tó wà nínú mùsíọ́mù òyìnbó, mo sì mọ iye tiwa tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Ìgbà ìkórè ni a dé. Tinawon ni wọ́n ń pe ìrẹsì wọn, èyí tó ń so lẹ́ẹ̀kan péré lọ́dún. Ọ̀bẹ kékeré tó wọnú àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń gé e, ní ṣírí kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin tò lórí ìlà nínú pèpéle, ìyá arúgbó kan gbé ohùn, àwọn yòókù gbè é. Hudhud nìyẹn. Orin hudhud ju 200 lọ, wọ́n máa ń pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìpín 40, kíké rẹ̀ tán sì lè gba ọjọ́ mélòó kan. Obìnrin ló sábà máa ń darí rẹ̀, nígbà ìkórè àti níbi òkú. Lọ́dún 2001, nínú ìkéde àkọ́kọ́ tí UNESCO ṣe lórí àwọn àṣà àtẹnudẹ́nu ayé, hudhud wà níbẹ̀, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa náà sì wà níbẹ̀. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ wa pé lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n dá àwọn ìyá tirẹ̀ àti àwọn ìyá tèmi lọ́lá. Kò mọ̀ ọ́n rí. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn obìnrin náà, wọ́n sì ní ká kọ tiwa. Ohun tí a rántí la kọ.

Níbi pèpéle kẹrin bàbá ọ̀rẹ́ wa ni ọkàn mi ti bà jẹ́. Òjò ọdún tó kọjá ti wó ògiri rẹ̀, gbogbo òkúta ti yí sínú oko ìsàlẹ̀, igbó sì ti bo ojú rẹ̀. Manong fi ihò hàn wá, ihò tí ekòló ńlá gbẹ́ sábẹ́ ògiri. Ó fi ìgbín hàn wá pẹ̀lú, irú èyí tí wọ́n kó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980 pé kí wọ́n máa sìn fún jíjẹ, tó wá ń jẹ irúgbìn ìrẹsì ní kékeré. UNESCO kọ àwọn pèpéle wọ̀nyí sára ogún tó wà nínú ewu ní 2001, wọ́n yọ wọ́n kúrò ní 2012. Ẹni tó dúró síbi tí a dúró sí máa mọ̀ pé ewu náà ò tíì jìnnà. Ọwọ́ ló ń dín. Ọmọ tó bá ti kàwé tán, Baguio tàbí Manila ló ń lọ, tàbí Lọ́ńdọ̀nù.

Ọ̀rẹ́ wa mọ̀ pé òun náà wà lára wọn. Ó ní, "Oko yìí ló rán mi lọ sílé ìwé nọ́ọ̀sì. Ní báyìí, èmi ni mò ń bọ́ oko." Owó iṣẹ́ òru rẹ̀ ló fi ń san àwọn tó ń mọ ògiri; tí wọ́n bá ta gbogbo ìrẹsì inú oko náà, kò ní san án. Mo ronú oko ìyá mi ní Ìgbẹmọ, tí mi ò fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ sí láti ìgbà tó kú.

A bọ́ bàtà. Ọjọ́ méjì la fi to òkúta náà, àwa àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti ìdílé tó wà nísàlẹ̀. À ń na òkúta láti ọwọ́ dé ọwọ́, Manong ló ń tò ó. Bí òkúta kan ò bá jókòó, kì í fipá tì í. Ó máa ń yí i, á tún un yí, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á bèèrè òmíràn. Nígbà tí ìdajì ògiri ti dìde, ó tú omi díẹ̀ sí i láti òkè, ó dúró, ó ń wo ibi tó máa gbà jáde. Ibì kan ṣoṣo ló jò. Ó yọ òkúta ibẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ lọ, Màmá gbé ìdì tinawon mẹ́ta wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wa, kí a gbìn ín sílé wa. Ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé fún un pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà wá láyè láti gbé e wọlé. Màmá gbọ́ ọ, ó dákẹ́, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú odó. Ó fún mi ní ọmọ odó kan, ó fún ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kan, ó di ẹ̀kẹta mú fúnra rẹ̀. Mi ò gún ìrẹsì mọ́ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá. Màmá kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, mo wá ibi tí tèmi máa bọ́ sí láàárín àwọn méjèèjì, apá mi sì rí i.