Ṣé ìbátan ni èdè Yorùbá àti Zande? Ìdí tí àwọn onímọ̀ èdè kò fi tíì fẹnu kò

Ní oṣù Kejì, ọdún 2022, wọ́n dé Atoroba Peni Rikito Gbudue ládé ọba Azande ní ìlú Yambio, South Sudan. Ìtẹ́ náà ti ṣófo láti ọdún 1905, nígbà tí ọba Gbudwe kú sọ́wọ́ ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ìtẹ́ ti padà, àmọ́ ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀: inú ẹbí èdè wo ni Zande wà?

Ta ló ń sọ ọ́?

Wọ́n ń sọ Zande ní South Sudan, Congo àti Central African Republic. Àwọn èdè kéékèèké bíi Nzakara, Barambo, Pambia àti Geme ló sún mọ́ ọn jù.

Kí ló fa àríyànjiyàn?

Ní ọdún 1963, Joseph Greenberg, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, kó Zande àtàwọn èdè tí wọ́n ń pè ní Ubangi sínú Niger-Congo, ẹbí kan náà tí Yorùbá, Igbo àti Swahili wà. Ní ọdún 2008, Gerrit Dimmendaal ní ẹ̀rí rẹ̀ kò tó, pé kí Ubangi dá dúró. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ṣiyèméjì bóyá Zande bá Ubangi yòókù tan.

Kí ni ẹ̀rí sọ?

Yorùbá ní 'ẹ̀ta', Swahili ní 'tatu', Zande ní 'biata'. Wọ́n jọra, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan kò tó fi mọ ìbátan. Ó lè jẹ́ àyálò, ó sì lè ṣèèṣì.

Nǹkan mìíràn tún wà. Nínú Yorùbá, 'ó dé' ni, ì báà jẹ́ ọkùnrin, obìnrin tàbí ajá. Zande ń yà wọ́n sọ́tọ̀: 'ko' fún ọkùnrin, 'ri' fún obìnrin, 'u' fún ẹranko, 'si' fún nǹkan tí kò lẹ́mìí. Irú èyí kò wọ́pọ̀ nínú Niger-Congo.

Ìtàn náà dá kún un. Ìdílé ọba Avongara ṣẹ́gun ọ̀pọ̀ ẹ̀yà, wọ́n sọ wọ́n di Azande, èdè wọn sì wọnú ara wọn.

Kí ló kàn wá?

Ẹbí èdè ni àwọn òpìtàn fi ń tọ ipasẹ̀ ibi tí àwọn baba ńlá gbé rí. Bí Zande bá jáde, ìtàn àárín gbùngbùn Áfíríkà yóò yí padà.

Ọwọ́ àwọn èdè kéékèèké bíi Geme ni apá kan ìdáhùn wà. Bí àwọn àgbà tó ń sọ wọ́n bá kú kí a tó gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ̀rí á bá wọn lọ.