Irun Orí Yín: Ẹ Ó Nà Án Ni, Tàbí Ẹ Ó Fi Í Sílẹ̀ Bí Ó Ti Wà?

Ọ̀rọ̀ irun orí ni a fẹ́ bá yín sọ nínú oṣù yìí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí obìnrin kan láàárín wa tí kò tíì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí rí: ṣé kí n fi rìlásà na irun mi ni, tàbí kí n fi í sílẹ̀ bí Ẹlẹ́dàá ti dá a, kí n máa dì í, kí n sì máa kó o? Ọ̀rẹ́ ń sọ tirẹ̀, ìyá ọkọ ń sọ tirẹ̀, onídìrí náà sì ń sọ èyí tí yóò mú owó wọlé fún un. Bẹ́ẹ̀ ni orí kan ṣoṣo ni ẹni kọ̀ọ̀kan wa ní, òun ni yóò sì gba gbogbo ohun tí a bá fi lé e. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń ṣe kí a tó ṣe é.

ORÍ TÍ Ń SỌ̀RỌ̀

Àwọn ìyá wa kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú irun. Orúkọ tí wọ́n fún irun dídì kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ bí a ti ṣe é. Kólẹ́sẹ̀ ni èyí tí a dì láti iwájú orí lọ sí ìpàkọ́. Ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ ni èyí tí a dì láti ìpàkọ́ bọ̀ síwájú. Ṣùkú ni èyí tí gbogbo rẹ̀ kó ara jọ sí òkè orí. Pàtẹ́wọ́ ni èyí tí ọ̀tún àti òsì pàdé ní àárín bí àtẹ́lẹwọ́ méjì. Kojúsọ́kọ ńkọ́? Orúkọ rẹ̀ nìkan tó àlàyé fún ìyàwó tí ó bá fẹ́ kí ọkọ òun wo òun. Àwọn ọkùnrin pàápàá ní ipa tiwọn nínú rẹ̀: a ń mọ ìlàrí Aláàfin nípa fífá tí wọ́n fá apá kan orí wọn, a sì ń mọ ẹlẹ́gùn Ṣàngó nípa irun tí ó dì.

Bí ayé ti ń yí ni irun náà ń bá a yí. Nígbà tí afárá Èkó parí ní 1975, àwọn onídìrí fi òwú kó irun tí ó tẹ̀ kọ́rọ́ bí afárá náà, wọ́n sì sọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó di olóògbé ní 2014, bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968. Àwòrán irun tí ó yà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Bí a bá wò wọ́n lónìí, a ó rí i pé iṣẹ́ ọnà ni onídìrí ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohun kan sọ́kàn. Kí rìlásà tó dé rárá ni àwọn ìyá wa ti mọ bí a ti ń mú irun nà. Irun kíkó ni. Òwú dúdú tí a bá fi wé irun láti ìdí dé ṣóńṣó rẹ̀ a máa fà á kí ó nà, láìsí iná, láìsí oògùn kankan. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí.

BÍ ÌPARA ÌNARUN ṢE DÉ

Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Lẹ́yìn tí oko ẹrú ti tú ká níbẹ̀, àwọn obìnrin dúdú rí i pé ẹni tí irun rẹ̀ bá sún mọ́ ti òyìnbó ni ilẹ̀kùn iṣẹ́ ń tètè ṣí sílẹ̀ fún. Wọ́n ń lo òòyà irin tí a ti yá nínú iná. Garrett Morgan, ọkùnrin dúdú kan tí ó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ní ìlú Cleveland, bẹ̀rẹ̀ sí ta ìpara tirẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1913. Ní 1954, George Johnson dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Chicago; irun ọkùnrin ni ó kọ́kọ́ ṣe ìpara ìnarun fún, kí ó tó ṣe ti obìnrin.

Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, a mọ òòyà gbígbóná náà dáadáa; òun ni àwọn ìyá wa fi ń sọ pé àwọn lọ "jó irun". Rìlásà tẹ̀lé e, jẹ́rì-kọ́ọ̀lù sì gbòde ní àwọn ọdún 1980. A kò ní bú ẹnikẹ́ni nítorí èyí. Irun tí a nà rọrùn láti yà. Kì í gba àkókò lọ́wọ́ ẹni tí ó ní láti wọ ọkọ̀ ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀, tí ọmọ ọwọ́ sì ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Àǹfààní gidi nìyí. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni iye tí a ń san fún un, nítorí kì í ṣe owó nìkan ni a fi ń san án.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÌPARA NÁÀ

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ rí, ẹ mọ kọ́sítíìkì sódà. Òun kan náà ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ rìlásà. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n kọ ọ́ sí lára agolo wọn pé kò sí kọ́sítíìkì nínú wọn. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n èròjà mìíràn tí òun náà ń jóni ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ara agolo tàn yín.

Nínú fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan ni àwọn ìdè tín-tìn-tín wà, àwọn ni ó jẹ́ kí irun wa ká kò. Ìpara náà ń já àwọn ìdè wọ̀nyí. Irun tí a bá ti já ìdè rẹ̀ kò tún lè ká bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Èyí tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù láti inú awọ orí nìkan ni yóò jọ ti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí irun tí a nà fi ń tètè já, pàápàá bí a bá ń fi ìpara lé ìpara. Bí ó bá sì pẹ́ jù lórí, yóò jó awọ orí, egbò yóò dá síbẹ̀, bí egbò náà bá jinlẹ̀, irun lè má hù lójú àpá rẹ̀ mọ́.

OHUN TÍ ÀWỌN OLÙWÁDÌÍ RÍ

Ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n tọpa obìnrin 33,497 fún ọdún tí ó sún mọ́ 11. Nínú wọn, 378 ni jẹjẹrẹ ilé-ọmọ mú. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nínú 1,000 obìnrin tí kò lo ìpara ìnarun rí, bí 16 ni àrùn náà yóò mú kí wọ́n tó pé ẹni 70 ọdún. Nínú 1,000 àwọn tí ń lò ó léraléra, èyíinì ni ju ìgbà mẹ́rin lọ láàárín ọdún kan, bí 40 ni. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2012, ìwádìí kan láàárín àwọn obìnrin dúdú Amẹ́ríkà tí ó lé ní 23,000 ti fi hàn pé kókó inú ilé-ọmọ, tí àwọn dókítà ń pè ní fáíbírọ́ọ̀dì, pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn tí ń na irun.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àyà yín já ju bí ó ti yẹ lọ. Ìwádìí wọ̀nyí kò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìpara ni ó fa àrùn. Wọ́n fi hàn pé àwọn méjèèjì ń rìn pọ̀ ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin tí ó na irun títí di ọjọ́ ogbó ni kò ní jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá rí èéfín, ọlọ́gbọ́n a wo ibi tí ó ti ń rú. Èyí tí ó yẹ kí a sá fún pátápátá ni ìpara tí a ń fi irin gbígbóná tẹ̀ mọ́ irun, tí ó ní fọ́málíìnì nínú. Fọ́málíìnì yìí ni wọ́n fi ń tọ́jú òkú kí ó má bàa bàjẹ́, àwọn onímọ̀ sì ti fi ẹnu kò pé ó ń fa jẹjẹrẹ.

BÍ Ẹ BÁ YÀN LÁTI MÁA NÀ ÁN

Ẹ ṣe é pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ẹ má ṣe yún orí yín, ẹ má sì tú irun dídì lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ nà án; ẹ jẹ́ kí ọjọ́ mélòó kan kọjá kí awọ orí lè sinmi. Bí egbò tàbí làpálàpá bá wà lórí, ẹ sún un síwájú. Ẹ fi faselíìnì pa awọ orí, etí àti iwájú orí. Irun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nìkan ni kí ìpara kàn. Ẹ má ṣe kọjá àkókò tí wọ́n kọ sí ara agolo, bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí ta yín, ẹ ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ kíákíá. Ẹni tí ó ń fara dà á kí irun lè nà dáadáa ń ra egbò fún ara rẹ̀. Ẹ fi oṣù méjì ó kéré tán sáàárín ìgbà kan àti èkejì; bí ó bá di oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó tún dára jù. Ẹ má ṣe pa irun láró lọ́jọ́ kan náà. Ẹ wo ara agolo bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀.

Bí ó bá ta sí ojú, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ gbé agolo rẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó. Bí ọmọ bá tọ́ ọ wò, ẹ má ṣe fún un ní ohun tí yóò mú un bì, nítorí bí ó ti jó ọ̀fun nígbà tí ó ń lọ ni yóò jó o nígbà tí ó bá ń bọ̀. Ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà kíákíá.

Ní ti aboyún, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó fi ìpara náà sílẹ̀ títí yóò fi bímọ. Kò sí ohun tí irun kíkó kò lè ṣe fún oṣù mẹ́sàn-án.

BÍ Ẹ BÁ YÀN LÁTI FI Í SÍLẸ̀

Ọ̀nà méjì ni ó wà. Èkíní ni kí ẹ gé gbogbo irun tí a ti nà kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ni kí ẹ jẹ́ kí titun máa hù, kí ẹ sì máa gé ṣóńṣó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Irun kì í hù ju bí ìdajì ínǹṣì lọ lóṣù, nítorí náà, èyí gba sùúrù. Ibi tí irun titun àti èyí tí a nà ti pàdé ni ó ti máa ń já. Ẹ fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú un.

Irun wa a máa tètè gbẹ, nítorí pé ọ̀rá awọ orí kì í rọrùn láti rìn dé ṣóńṣó irun tí ó ká. Ẹ fi omi rẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó yà á, kí ẹ fi òrí tàbí àdí àgbọn ra á, kí ẹ sì lo òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra. Láti ṣóńṣó ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ wá sí ìdí. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó nà, ẹ ní kí onídìrí fi òwú kó o.

Ṣùgbọ́n irun àdáyébá náà ní ewu tirẹ̀. Irun tí a dì le jù, tí orí ń fọ́ni nítorí rẹ̀, tí kókó kéékèèké ń so níwájú orí, ẹ tú u lọ́jọ́ náà gan-an. Irun iwájú tí a ń fà lójoojúmọ́ yóò sá padà sẹ́yìn, bí ó bá sì pẹ́, kì í hù mọ́. Irun tí a ti nà, tí a tún wá dì mọ́ irun àfikún tí ó wúwo, ni ó burú jù. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ tuntun, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú: ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ, irun a máa já púpọ̀. Ìpara kọ́, ayé kọ́, onídìrí kọ́. Ara ni ó ń padà sípò lẹ́yìn oyún. Kí ọmọ tó pé ọdún kan, ó sábà máa ń dáwọ́ dúró.

ORÍ ÀWỌN ỌMỌBÌNRIN WA

Ìyá lè yan ohun tí ó wù ú fún ara rẹ̀. Ọmọdé kò lè yàn. Awọ orí ọmọ rọ̀ ju ti àgbà lọ, ẹ má ṣe fi rìlásà kàn án. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá kò gbọdọ̀ wà nílé kí orí ọmọ jó.

Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu yín pẹ̀lú. Bí ọmọ bá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ yín, tí ẹ ń yà irun rẹ̀, tí ẹ sì ń sọ pé, "Irun rẹ yìí mà yi o, bí ti wáyà," ọ̀rọ̀ náà yóò wọ inú rẹ̀ lọ. Ní ọdún 2016, àwọn ọmọbìnrin dúdú ní ilé-ìwé kan ní ìlú Pretoria, ní Gúúsù Áfíríkà, dìde pé àwọn kò gbà kí wọ́n máa bá àwọn wí nítorí irun tí ó hù lórí àwọn. Ní 2019, ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi irun àdáyébá du ènìyàn ní iṣẹ́. Bí òfin bá ti ń gbèjà irun yìí ní òkèèrè, kò yẹ kí ó jẹ́ ẹnu ìyá ni yóò kọ́kọ́ bú u. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ọ̀RỌ̀ ỌKỌ ŃKỌ́?

Àwọn ọkọ kan fẹ́ràn irun gígùn tí ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àwọn mìíràn fẹ́ràn ṣùkú. Ó dára kí aya mọ ohun tí ó wu ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá a jókòó, kí ẹ fi iye tí ẹ ń ná lórí irun lóṣù hàn án nínú ìwé, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ti kà níhìn-ín fún un. Ọkọ tí ó bá fẹ́ kí aya òun pẹ́ láyé yóò gbọ́.

Èyí tí ẹ bá yàn nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ yàn án, kí ẹ sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó na irun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún pẹ̀lú ìṣọ́ra kò di ẹni ẹ̀gàn, ẹni tí ó sì fi òwú kó tirẹ̀ kì í ṣe ará oko. Orí ẹni ni a kọ́kọ́ ń tọ́jú, kí a tó tọ́jú irun tí ó hù lórí rẹ̀.