Oúnjẹ Inú Àká, Ebi Ojú Ọjà

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin onílé, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nígbà tí ara rọ̀, nítorí pé bí ìṣòro bá dé tán, etí kì í gbọ́ ìmọ̀ràn mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn tí ń fi oúnjẹ pamọ́ kí ó lè wọ́n.

Erékùṣù ni ìlú wa. Láti Ìdúmọ̀tà títí dé Ìsàlẹ̀ Èkó, kò sí ẹni tí ó ní oko ẹ̀gẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Orí omi àti ojú títì ni ohun tí a ń jẹ ń gbà wọlé, láti Ìjẹ̀bú, láti Ẹ̀pẹ́ àti láti òkè Ọya. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ọ̀nà bá dí, ẹni tí ó ní àpò gààrí nínú àká di ọba lórí ẹni tí kò ní. Ọjọ́ náà ni a ń mọ ìwà olúkúlùkù.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tí ó ti wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba ìlú yìí ní 1861, kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìsọ. Ànábì Muhammad pe ẹni tí ó bá kó ọjà pamọ́ de ọ̀wọ́n ní ẹlẹ́ṣẹ̀, kò sì fi bò. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo ìpamọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ànábì tìkára rẹ̀ a máa ya oúnjẹ ọdún kan sọ́tọ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Ànábì Yúsúfù pẹ̀lú kó ọkà ọdún méje jọ ní ilẹ̀ Íjíbítì, kí ìyàn má bàa pa ìlú run. Ẹni tí a ń bá wí ni ẹni tí ó ra ọjà kúrò lójú ọjà nígbà tí ó ṣọ̀wọ́n, tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, tí ó sì ń retí kí ìyà ọmọnìkejì di èrè fún òun. Ìmáàmù Mọ́líkì, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀, kò fi mọ sí oúnjẹ nìkan. Ohunkóhun tí fífi í pamọ́ bá ń ni ọjà lára, ìbáà ṣe òróró, ìbáà ṣe aṣọ, ó wà nínú rẹ̀.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì, ó sì yẹ kí àwọn aláṣẹ gbọ́ ọ. Nígbà tí ọjà wọ́n ní Mẹ̀dínà, àwọn ènìyàn bẹ Ànábì pé kí ó dá iye lé e. Ó kọ̀. Ó ní Ọlọ́run ni ó ni ọ̀wọ́n àti ọ̀pọ̀, òun kò sì fẹ́ lọ bá Ọlọ́run kí ẹnikẹ́ni wá máa pe òun lẹ́jọ́ ohun ìní rẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ yìí ti ń bá oníwọra wí, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dáàbò bo oníṣòwò olóòótọ́.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nínú ìtàn ìlú wa. Nígbà Ogun Hitler, láti 1941, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dá iye lé oúnjẹ ní Èkó, Captain A. P. Pullen sì ni wọ́n fi ṣe alákòóso. Èrò náà kò burú, nítorí pé owó oṣù òṣìṣẹ́ kò ká ohun tí yóò jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n dá kò bá owó tí àwọn obìnrin fi ń ra gààrí ní oko mu, ká má tilẹ̀ sọ owó ọkọ̀ àti ti alábàárù. Alimotu Pelewura, olórí ọjà Eréko, àti àwọn obìnrin ọjà ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà. Gààrí sá kúrò lójú ọjà, ó wọ inú yàrá, wọ́n sì ń tà á ní kọ̀rọ̀. Ní 1945 ìjọba jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ta ni ó jẹ̀bi? Obìnrin tí ó kọ̀ láti ta gààrí ní àdánù kò dẹ́ṣẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí a ti sọ yìí. Ẹni tí ó ra tirẹ̀ ní ọ̀pọ̀, tí ó wá fi í pamọ́ títí ebi fi mú aládùúgbò rẹ̀ dáadáa, òun ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Àwọn méjèèjì ń ta ọjà kan náà ní kọ̀rọ̀ kan náà, òfin ìjọba kò sì lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ọlọ́run àti ọkàn ẹni ni ó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé, ìjọba pàṣẹ pé kí ará Èkó jókòó sílé láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Ẹrẹ́nà, 2020, àṣẹ náà kò sì rọ̀ títí di ọjọ́ 4 oṣù Èbìbí. Ìbòmú àti omi apakòkòrò ọwọ́ gbówó lórí kíákíá. Ní ìgbà náà ni a rí i pé kì í ṣe ọlọ́jà nìkan ni ń kó nǹkan pamọ́. Ẹni tí ń rajà pẹ̀lú ń ṣe é. Ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́ kó ìrẹsì àti ẹ̀wà kún ilé, ṣùgbọ́n alábàárù Ìdúmọ̀tà, tí owó iṣẹ́ òní jẹ́ oúnjẹ alẹ́ òní fún, kí ni yóò kó? Ní ọjọ́ 22 oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, àwọn ènìyàn já ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza, wọ́n sì kó oúnjẹ ìrànwọ́ tí ó wà níbẹ̀. Ìjọba ní àwọn kò fi í pamọ́, pé pínpín ni àwọn ń pín in lọ. A kò yin ìfipákó. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àká tí ará ìlú kò mọ ìdí rẹ̀ kò sì ní olùṣọ́.

Ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù kò dúró lórí má ṣe èyí nìkan. Ànábì yin ẹ̀yà kan tí à ń pè ní Áṣíárì, nítorí pé bí oúnjẹ wọn bá fẹ́ tán, wọn a kó èyí tí ó kù jọ sínú aṣọ kan ṣoṣo, wọn a sì pín in ní ọgbọọgba. Nígbà ìyàn ńlá ayé Kálífà Úmárù, ní nǹkan bí 639, ọba náà kọ̀ láti jẹ òrí màlúù títí ará ìlú fi rí i jẹ. Bí ọba bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni ó ṣòro fún àwa?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ jẹ èrè yín, nítorí pé ẹ̀tọ́ yín ni, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn nígbà tí ebi bá wà lóde. Ẹ̀yin onílé, ẹ ra ìwọ̀n tí ẹ ó lò, kí ẹ̀yìn yín lè rí rà. Ẹ̀yin aláṣẹ, kí ẹ tó dá iye lé ọjà, ẹ kọ́kọ́ bi ọlọ́jà léèrè iye tí ó rà á. Mùsùlùmí àti Kìrìsítẹ́nì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, nítorí pé ọjà kan náà ni a jọ ń ná. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó lówó láàrin òtòṣì mẹ́fà, òtòṣì keje ni.

Kí Ọlọ́run má ṣe fi ìyàn dán wa wò. Bí ó bá sì dé, kí ó bá wa ní ilẹ̀kùn ṣíṣí.